Ọnọ́rébù, kí lẹ bá wa ṣe l'Óṣogbo? Ohun tó yẹ kí ará Èjìgbò bi aṣòfin wọn lọ́jọ́ ìjíhìn

Bí ẹ bá dé Èjìgbò lọ́jọ́ tí aṣòfin fẹ́ wá jíhìn fáwọn tó dìbò yàn án, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín kẹ́ ẹ tó mọ̀. Wọ́n á ti ta kánópì, wọ́n á ti to àga onírọ́bà lọ bẹẹrẹ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á ti máa pariwo látàárọ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ á ti wọ ankárá kan náà, àwọn onílù á sì ti dúró síbi tí mọ́tò máa gbà wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó rí maṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n tò bí ọmọ iléèwé, ẹ ó rí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìgẹrun, jẹnẹrétọ̀ kékeré, bóyá ọ̀kadà bíi mélòó kan pẹ̀lú. Àwòrán ọnọ́rébù á wà lára wọn gbàgàdà.

Tó bá yá, ọnọ́rébù á dé, gbogbo ibẹ̀ á sì gbọ̀n rìrì. Wọ́n á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni. Wọ́n á kí Kábíyèsí, wọ́n á kí àwọn ìjòyè, wọ́n á kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn á fi kàn wọ́n látàrí. Ọ̀rọ̀ ìjíhìn gan-an kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù. Ẹni tó rí gbà á jó, ẹni tí ò rí gbà á fajú ro, ilẹ̀ á ṣú, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Kò sóhun tó burú nínú kí wọ́n fún opó ní maṣíìnì tó máa fi jẹun. Ẹni tí ò tíì rí irú ẹ̀ gbà ló máa ń sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lábẹ́ kánópì yẹn, òun sì ni ìyá gbogbo ìbéèrè: iṣẹ́ wo gan-an la rán ọnọ́rébù? Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ará Èjìgbò ló rán aṣòfin lọ s'Óṣogbo. Gómìnà kọ́ ló rán an, aṣáájú ẹgbẹ́ kọ́. Bí ẹni tó rán ni níṣẹ́ ò bá wá mọ iṣẹ́ tó rán ni, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n jẹ́ ẹ re?

ẸNU KAN ṢOṢO

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìjọba ológun Ìbràhím Bàbáńgídá yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́ àtijọ́. Àga mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n (26) ló wà nínú Ilé-Igbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ìpínlẹ̀ náà jẹ́ ọgbọ̀n (30). Ìyẹn ni pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń pín àga kan ṣoṣo láàrin ara wọn. Èjìgbò ò sí lára wọn. Àga tiẹ̀ dá dúró.

Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, èèyàn tí wọ́n kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èjìgbò lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje (130,000). Láti Èjìgbò fúnra ẹ̀ dé Màṣífà, dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, dé àwọn abà tó wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní nínú ilé aṣòfin. Bí ẹnu yẹn bá sùn, gbogbo wọn ló sùn. Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ìwé òfin gbé lé ẹnu yẹn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni kó ṣòfin. Èkejì ni kó yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì gómìnà wò, torí gómìnà ò láṣẹ láti ná kọ́bọ̀ nínú àpò ìpínlẹ̀ tí ilé aṣòfin ò bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni kó máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó náà, kó ránṣẹ́ pe kọmíṣánnà, kó béèrè ìwé, kó lọ wo iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ti ṣe. Ẹ wá a títí, ẹ ò ní í rí ibi tí ìwé òfin ti ní kí aṣòfin máa pín ẹ̀rọ ìlọta.

Kí ló wá dé tó jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta là ń rí? Ìdáhùn ẹ̀ ò le. Èèyàn lè fojú rí ẹ̀rọ, ó lè ya fọ́tò ẹ̀, ó lè gbé e relé. Wọn kì í rí òfin. Aṣòfin tó bá jókòó oṣù mẹ́ta yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì wò, tó rí i pé wọ́n fi owó ọ̀nà àbúlé kan pamọ́ síbòmíràn, tó sì jà kí wọ́n dá a padà, ta ló máa lu ìlù fún un? Ṣùgbọ́n aṣòfin tó pín ogún maṣíìnì á gbọ́ oríkì ẹ̀ látẹnu ayàn. Àwọn olóṣèlú gbọ́n, ohun táwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ sí ni wọ́n ń ṣe.

ÒFIN KAN TÓ GBÉ FÁSITÌ WỌ̀LÚ

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin lè ṣe, ká má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ní òpin ọdún 2006, nígbà tí Ọmọọba Ọlágúnsóyè Oyinlọlá wà nípò gómìnà, ìjọba Ọ̀ṣun dá Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, èyí táwọn èèyàn ń pè ní UNIOSUN. Wọn ò kó gbogbo ẹ̀ síbi kan. Mẹ́fà ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Ìkirè, Òkukù, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ́tẹ̀dó, àti Èjìgbò. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n gbé fún Èjìgbò, ó sì bá ìlú náà mu, torí ìlú àgbẹ̀ ni.

Ẹ bi onílé tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ l'Éjìgbò. Ẹ bi ìyá tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wọn, ọlọ́kadà tó ń gbé wọn, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kò sẹ́ni tó pín maṣíìnì fún wọn tí wọ́n fi ń rí jẹ. Òfin ló gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bá wọn. Maṣíìnì kan lè bọ́ ilé kan, bó bá bàjẹ́, ó parí. Òfin yẹn ṣì ń bọ́ àdúgbò odindi lónìí, gómìnà tó wà níbẹ̀ sì ti kúrò látọdún gbọọrọ.

Tàbí ẹ wo Àmọ̀tẹ́kùn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i n'Ìbàdàn fún ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́ l'Ábújá, Abubakar Malami, fi sọ pé kinní ọ̀hún ò bá òfin mu. Àríwo sọ. Kí ló yanjú ẹ̀? Ìwọ́de àti ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tó wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó, Ọ̀ṣun náà jókòó, wọ́n sọ ọ́ di òfin lọ́dún 2020 yẹn kan náà. Láìsí òfin yẹn, ẹni tó bá gbé ìbọn ọdẹ wọ igbó lọ dá ajínigbé lọ́nà, ọlọ́pàá lè mú òun náà bí ọ̀daràn.

Nítorí náà, bí ọnọ́rébù bá dé tó ní àwọn ti ṣòfin báyìí báyìí, ẹ má ṣe sùn. Ẹ bi í pé: kí ni òfin náà máa ṣe fún àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ n'Ífẹ̀-Ọ̀dàn? Ta ló máa mú un ṣẹ? Owó wo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì? Òfin tí wọn ò fi owó tì lẹ́yìn, bíi mọ́tò tí ò ní epo ni.

NÍGBÀ TÍ ÀGA ŃLÁ WÀ NÍTÒSÍ

Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé agbègbè yìí ò ní ẹni gidi nínú ilé aṣòfin rí. Láti 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà dé títí di 2019, tí í ṣe ogún ọdún gbáko, èèyàn mẹ́ta ló jẹ́ olórí ilé aṣòfin Ọ̀ṣun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ẹkùn Ẹdẹ, Ẹgbẹ́dọrẹ àti Èjìgbò. Mojeed Àlàbí ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, láti 1999 sí 2003. Òun náà ló tún padà ṣojú ẹkùn yìí l'Ábújá láàrin 2015 sí 2019. Adéjàre Bello, ọmọ Ẹdẹ, tẹ̀ lé e láti 2003 sí 2011. Nígbà tó di 2011, ó kan Èjìgbò gangan: Najeem Fọláṣayọ̀ Sàláàmù, ẹni tó ń ṣojú Èjìgbò, ló jókòó sórí àga náà títí di 2019.

Ọdún mẹ́jọ tí ọmọ Èjìgbò fi wà lórí àga yẹn ò ṣeé gbàgbé, torí inú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó oṣù ti bẹ́ sílẹ̀ l'Ọ́ṣun. Ní àárín ọdún 2015, gbèsè owó oṣù tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ òṣìṣẹ́ ti tó bí oṣù méje. Láti oṣù keje ọdún náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ìpín-ìpín: àwọn tó wà nísàlẹ̀ gba gbogbo owó wọn, àwọn tó wà láàrin gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àwọn ọ̀gá gba ìdajì. Ó tó ọgbọ̀n oṣù kí wọ́n tó padà sí owó pípé ní 2018. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ yín n'íléèwé gba ìdajì. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹbí yín lọ́wọ́ ikú gba ìdajì. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí ò ní agbára mọ́ ń retí ohun tí ò dé.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun kan, Olámidé Folahanmi Oloyede, ti gbé ìwé kọ sí ilé aṣòfin ní oṣù kẹfà ọdún 2015, tó ní kí wọ́n wádìí gómìnà, kí wọ́n sì yọ ọ́ nípò. Ẹnu ya gbogbo ayé, torí a kì í sábà rí adájọ́ tó ń ṣe irú ẹ̀. Ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje dìde, nígbà tí wọ́n sì parí, wọ́n da ìwé náà nù, wọ́n ní kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Lọ́dún 2016, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, NJC, ní kí adájọ́ náà lọ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ohun tó ṣe ò yẹ adájọ́.

Àwọn kan gbà pé ilé aṣòfin ṣe ohun tó tọ́, pé owó tó ń ti Àbújá wá ló dín kù, pé ìpínlẹ̀ mìíràn náà jẹ gbèsè. Àwọn kan ní rárá, pé iṣẹ́ ilé aṣòfin ni kó bi gómìnà bó ṣe náwó kí gbèsè tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti dé. Èyí ó wù kẹ́ ẹ gbà, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ará Èjìgbò: lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, kì í ṣe iye jẹnẹrétọ̀ tí aṣòfin ti pín ni wọ́n máa bi í. Ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, níbo lo wà nígbà tí wọ́n ń náwó yẹn?

Kò sì yẹ ká gbàgbé iṣẹ́ tó hàn sójú. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n kọ́ iléèwé girama ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ sí Èjìgbò, ọ̀kan nínú àwọn iléèwé arabaríbí tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá kọ́ kiri. Ilé náà dúró, ó rẹwà. Àwọn tó ń yìn ín ní Èjìgbò ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn tó ń bínú ní owó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó fa gbèsè. Ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì náà ni méjèèjì: ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó jóòótọ́, inú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ló ti máa rí i, kì í ṣe lórí rédíò.

KÁŃSÙ TÍ WỌ́N PÍN, KÁŃSÙ TÍ WỌ́N TÌ

Òfin mìíràn tó kan Èjìgbò gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọdún 2015 tí wọ́n fi dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè, ìyẹn LCDA, mọ́kànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀ l'Ọ́ṣun. Èjìgbò rí méjì nínú ẹ̀: Gúúsù Èjìgbò àti Ìwọ̀-Oòrùn Èjìgbò. Àwọn èèyàn jó, wọ́n ní ìjọba ti sún mọ́lé. Àwọn díẹ̀ ló bèèrè ibi tí owó ẹ̀ á ti wá.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Èkó dá mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀ ní àsìkò Bọ́lá Tinúbú, tí Ọbásanjọ́ sì há owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2004 pé ìpínlẹ̀ láṣẹ láti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pé títí ilé aṣòfin Àbújá máa fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin mọ̀. Owó 774 náà ni Àbújá ń pín. Bí bàbá bá bí ọmọ méjì sí i, tí oúnjẹ ò kúrò ní abọ́ kan, àwọn ọmọ náà ni wọ́n máa pín abọ́ kan yẹn jẹ. Ó yẹ kí ọnọ́rébù tó bá fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà.

Èyí tó tún wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025 ló burú jù. Ẹgbẹ́ APC ní àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ló ni káńsù. Ìjọba Adémọ́lá Adélékè ní ilé-ẹjọ́ ti fagi lé ìdìbò yẹn, ó sì ṣe tiẹ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 2025. Kó tó dọjọ́ ìdìbò náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n ti kọjú ìjà síra wọn láwọn káńsù kan, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àbújá há owó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun mọ́wọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé kí wọ́n má baà fi orí ara wọn pàdé ikú. Oṣù gorí oṣù.

Bí wọ́n bá ti káńsù pa, ta ló máa ko pàǹtí ọjà? Ta ló máa gbá ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àbúlé, ta ló máa ra oògùn sí i? Bí obìnrin kan bá rọbí lóru ní abà tí ò ní ọ̀nà tó dáa, kì í bèèrè ẹgbẹ́ tó ni káńsù. Ó ń bèèrè agbẹ̀bí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Ìdájọ́ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣòfin bí ìjọba ìbílẹ̀ á ṣe máa ṣiṣẹ́ nínú ìpínlẹ̀? Ilé aṣòfin náà ni. A ò lè fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹni tó bá ń jíhìn l'Éjìgbò tí ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ káńsù, ìdajì ìjíhìn ló ṣe.

ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KẸ́ Ẹ BI WỌ́N

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan kọ ọ́ sí. Bí ẹ bá dé abẹ́ kánópì, ìbéèrè márùn-ún wà tí ò gba ariwo, tí ò sì ní èébú nínú.

Àkọ́kọ́: ọjọ́ mélòó lẹ fi jókòó nínú ilé? Ìwé òfin ní ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́sàn-án (181), ó kéré tán, láàrin ọdún kan. Aṣòfin tó bá pa ju ìdá mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìnídìí, àga ẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí wà níbẹ̀, ẹ ní kẹ́ ẹ rí i.

Èkejì: àbádòfin wo lẹ gbé wá fúnra yín, èwo lẹ dá sí? Àbádòfin máa ń gba ọwọ́ ìkàwé mẹ́ta kọjá, ó sì máa ń dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan, níbi tí wọ́n ti lè pe aráàlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Bí wọ́n bá parí ẹ̀, gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i. Tó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, tó jẹ́ méjìdínlógún nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lè sọ ọ́ di òfin láìsí gómìnà. Agbára tí wọ́n ní nìyẹn. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lò ó rí.

Ẹ̀kẹta: kí ni wọ́n kọ síwájú orúkọ Èjìgbò nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, mélòó ni wọ́n sì ti ná nínú ẹ̀? Ó yàtọ̀ kí wọ́n kọ ọ́, ó yàtọ̀ kí wọ́n ná an. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ló wà nínú ìwé tí kàtàpílà ò débẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹrin: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ẹ ṣe yìí, owó ta ni? Ti ìpínlẹ̀ ni, ti káńsù ni, tàbí ti aṣòfin Àbújá? Nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta ló ń jíhìn lé e lórí. Àjọ BudgIT ti ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri láti 2014 lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Tracka. Àjọ ICPC tó ń gbógun ti jẹgúdújẹrá náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2019, ó sì bá àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbówó ẹ̀ tí wọn ò ṣe é pàdé.

Ẹ̀karùn-ún: lọ́jọ́ wo lẹ sọ pé rárá fún gómìnà? Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ní ìdìbò oṣù kẹta ọdún 2023, ẹgbẹ́ PDP tó jẹ́ ti gómìnà nígbà náà ló gba àga mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n l'Ọ́ṣun. Ṣáájú ẹ̀, nígbà tí APC ń ṣèjọba, àwọn náà ni wọ́n pọ̀ jù nínú ilé. Bí ilé bá kún fún ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò kọ ohunkóhun, aráàlú nìkan ló kù tó lè ṣe alátakò.

Bí wọ́n bá ní ìwé tẹ́ ẹ bèèrè ò ṣeé fi hàn yín, òfin tó ní kí wọ́n máa fi ìwé ìjọba han aráàlú ti wà láti ọdún 2011. Ọjọ́ méje ni ó fún wọn láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sá pé òfin Àbújá ni, kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ilẹ̀kùn yẹn ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 2025: ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Wọn ò sì lè máa sọ mọ́ pé gómìnà ló di àwọn lọ́wọ́, torí àtúnṣe ìwé òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 ti ní kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá burú pátápátá ńkọ́? Ìwé òfin fàyè gba ká pe aṣòfin padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó rọrùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní ẹkùn náà ló máa fọwọ́ sí ìwé, kí INEC tó wá ṣe ìdìbò lórí ẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ fún Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogí ní 2018, kò bọ́ sí i, àwọn tí wọ́n rí pé wọ́n fọwọ́ sí i lóòótọ́ ò tó nǹkan. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. Bí ẹ bá ń béèrè lọ́dọọdún, kò ní í dìgbà ìpèpadà.

KÍ WỌ́N FI YORÙBÁ SỌ Ọ́

Ohun kan ṣì kù. Ìwé òfin kan náà yìí sọ ní ìpín kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún (97) pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lò, ṣùgbọ́n wọ́n tún lè lo èdè tí wọ́n ń sọ nínú ìpínlẹ̀ náà, bí wọ́n bá ti fẹnu kò lé e lórí. Ilé aṣòfin Èkó ti ń lo Yorùbá ní ìjókòó wọn láwọn ọjọ́ kan. Òfin tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lé lórí, tí wọ́n tún wá fi Gẹ̀ẹ́sì kà fún ìyá àgbà l'Éjìgbò, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?

Ní Èjìgbò pàápàá, ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe ẹrù. Ta ni ò mọ ọmọ Èjìgbò mọ́ Àbíjàn? Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá lọ s'Ivory Coast lọ ṣòwò. Àwọn kan nínú wọn gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èèyàn tó ń ra ọjà ní owó séfà, tó ń tà á, tó ń ṣírò èrè ẹ̀ padà sí náírà láìlo ìwé, ẹ ò lè sọ fún un pé bọ́jẹ́ẹ̀tì ti le jù fún un láti yé. Kò le. Wọn ò kàn kà á sí i létí ni.

Ẹni tó bá ti wo ọdún Ògìyán l'Éjìgbò rí mọ̀ pé ìlú náà mọ bí wọ́n ṣe ń jà láìtú ìlú. Àwọn ará Òkè Màpó àti ará Ìsàlẹ̀ Òṣòlò á kojú ara wọn pẹ̀lú àtòrì, wọ́n á na ara wọn dáadáa. Tó bá yá, ìjà á tán, wọ́n á padà wá jẹ iyán iṣu tuntun. Kò sẹ́ni tó bínú lọ sílé. Ìbéèrè lọ́wọ́ aṣòfin náà, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ na ọnọ́rébù gidi lábẹ́ kánópì, kó dáhùn, kó bu omi mu, kó tún dáhùn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n jọ jẹun.

Kí wọ́n sì pín maṣíìnì náà o, kò burú. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ lẹ́yìn ìdáhùn.